Aṣọ Ìyá Gbogboǹṣe

Wọ́n ti wó gbọ̀ngàn àwọn àgbẹ̀ tó wà lẹ́yìn ọjà iṣu ní Ṣakí. Ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n kọ́ sójú ibẹ̀ báyìí. Ẹnì kan ń ta táyà, ẹnì kan ń tún fóònù ṣe. Bí mo bá ń kọjá níbẹ̀ lásìkò ọyẹ́, tí eruku pupa ti bo gbogbo òrùlé, ẹsẹ̀ mi a máa fà. Ibi tí ọkùnrin tó ń ta táyà yẹn jókòó sí gan-an ni orí ìtàgé wà nígbà náà. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ èmi àti Samsudeen ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ló ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bàjẹ́ pátápátá.

Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni mí lọ́dún 2015. Mo ti gba òmìnira lẹ́nu iṣẹ́ télọ̀, mo sì ti ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan nítòsí ilé wa. Bàbá mi, Àfáà Mọ́nsúrù, àgbẹ̀ oníṣu ni. Àárọ̀ a lọ sóko, ọ̀sán a kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ní kéú. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Kò nà mí rí. Ṣùgbọ́n bó bá ti sọ pé rárá lẹ́ẹ̀kan, rárá náà nìyẹn.

Màmá Àrínọlá ló fà mí wọnú eré. Màmá ti lo ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n nílùú Òyìnbó, iṣẹ́ tó sì ṣe níbẹ̀ ni pé ó ń rán aṣọ fáwọn òṣèré ní tíátà kan. Nígbà tó fẹ̀yìn tì tó padà wálé, kò lè jókòó lásán. Ó ní eré kan wà tí àwọn Òyìnbó máa ń ṣe nígbà Kérésì, pantomáìmù lorúkọ ẹ̀, odidi ọdún ni àwọn ọmọ wọn fi ń retí ẹ̀. Ọkùnrin ló máa ń ṣe ìyá àgbà níbẹ̀, ọmọbìnrin ló máa ń ṣe akọni ọkùnrin, èèyàn méjì á wọnú awọ màlúù kan ṣoṣo, èrò ìwòran kì í sì í dákẹ́. Bí ọ̀daràn inú eré bá ń yọ́ bọ̀, gbogbo ilé á pariwo pé, “Ó wà lẹ́yìn ẹ!”

Màmá kó àwọn ọ̀dọ́ jọ, ó sọ eré náà di tiwa. Olè tó ń jí iṣu wú lóko olóko ni ọ̀daràn tiwa. Àpò ìdọ̀họ la fi rán màlúù wa. Pántó ni gbogbo ìlú ń pè é, oṣù Kejìlá ọdọọdún la sì máa ń ṣe é, lẹ́yìn ìrun Àsárì, kí àwọn tó wá láti Tẹ̀dé àti Ìgànná lè tètè délé.

Lọ́jọ́ tí Màmá kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù mi, fóòmù tìmùtìmù kan ló há mọ́ abíyá.

“Mùyìbátù, wọ́n ní o mọ aṣọ rán. Ṣé o lè rán èyí tí kò dáa?”

“Màmá, èyí tí kò dáa báwo?”

“Èyí tó tóbi ju ẹni tó wọ̀ ọ́ lọ, tí àwọ̀ ara ẹ̀ ń bá ara wọn jà, tí ẹni tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà á rí i tá a ti máa rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹni tó wọ̀ ọ́ gbọ́dọ̀ lè bọ́ ọ, kó sì wọ òmíràn, kí n tó ka ogójì. Iwájú ni wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín, ọmọ mi. Ẹ̀yìn la ti ń làágùn.”

Ìyá Gbogboǹṣe ló ni aṣọ náà, opó inú eré tó ní màlúù kan, tó ń wá ọkọ, tó sì ń dá sí ọ̀rọ̀ gbogbo ilé. Samsudeen Ìyápọ̀ ló ń ṣe é. Mo ti rí i lórí ìtàgé lọ́dún tó ṣáájú, mo ti rẹ́rìn-ín títí ìhà fi ń dùn mí. Mo rò pé aláwàdà kan ló máa wọlé wá. Ọkùnrin gíga kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ló dé. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gẹ́ ló ń tún ṣe, láti Ṣakí títí dé Ìgànná, ó sì fọ ọwọ́ ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta níta kó tó gbà láti wọlé, kí epo ẹ̀rọ má baà kan aṣọ oníbàárà mi.

Mo fa téèpù yọ. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wọn èmi.”

“Ta wá ni kí n wọ̀n?”

“Ìyá mi àgbà.”

Ó ṣàlàyé pé ìyá ìyá òun ló tọ́ òun dàgbà ní Ìgànná, nídìí gàrí yíyan, pé ó ti di olóògbé. Ó dijú. Mi ò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ kó yé èèyàn. Ìbàdí ẹ̀ yí díẹ̀, èjìká ọ̀tún wálẹ̀, ó fi ọwọ́ kan ti ìdí bí ẹni tí iná àgbàdá ti jó lójú láti òwúrọ̀, ó sì gbé àgbọ̀n sókè. Obìnrin arúgbó kan dúró sí ṣọ́ọ̀bù mi, ó ń wò mí bíi pé mo ti jẹ́ kí gàrí jóná. Mo wọn àyà ẹ̀, mo wọn ìdí ẹ̀, mo kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tó la ojú, omi wà níbẹ̀.

Ó ní, “Bó ṣe máa ń dúró nìyẹn, tó bá fẹ́ bá mi wí.”

Lọ́jọ́ náà, mo gbé oúnjẹ síwájú, mi ò lè jẹ ẹ́. Ìyá mi ní ṣé kò sí. Mo ní kò sí.

Mo rán aṣọ náà: àwọ̀ ọsàn, àwọ̀ pọ́pù, àwọ̀ ewé, gbogbo ẹ̀ nínú ẹ̀wù kan. Mi ò fi bọ́tìnnì sẹ́yìn ẹ̀. Nǹkan tó ń lẹ̀ mọ́ra tí wọ́n máa ń rán mọ́ bàtà ọmọdé ni mo fi sí i, kéèyàn fà á lẹ́ẹ̀kan kó ya. Nígbà tí eré dé, èmi ni mo dúró lẹ́yìn aṣọ ìkélé láti pààrọ̀ ẹ̀ fún un. Á sáré wọlé, ariwo ẹ̀rín á tẹ̀ lé e wọlé, màá fa ti àkọ́kọ́, màá gbé ìkejì wọ̀ ọ́ lórí kaftan ẹ̀, Màmá á máa ka òǹkà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, a ṣe é ní méjìlélógójì. Lọ́jọ́ kẹta, ọgbọ̀n. Màmá ní òun ò rí irú ẹ̀ rí ní gbogbo ọdún tí òun lò lọ́hùn-ún.

Tí eré bá parí, á jókòó sórí bẹ́ǹṣì, á fi òrí nu àtíkè àti osùn kúrò lójú. Ibẹ̀ la ti ń sọ̀rọ̀. Ó ń mú gàrí Ìgànná wá fún mi. Èmi náà ń wá ohun tí mo máa rán fún un. Nígbà tí ọdún ń parí lọ, ó ní, “Mùyìbá, bí mo bá rán èèyàn wá sílé yín, ṣé wọn ò ní fi omi lé wọn?”

Inú mi dùn, ẹ̀rù sì bà mí. Mo ní, “Ti omi kọ́. O mọ ẹni tí bàbá mi jẹ́.”

Àbúrò bàbá mi obìnrin, Ìyá Ìmọ́lẹ̀, ló ṣe alárinà. Ìjíó ló ti ń kó aṣọ wá tà, ẹnu ẹ̀ sì dùn. Mo rò pé kò sẹ́ni tí ò lè yí lọ́kàn padà. Mo wà nínú yàrá, mo ń gbọ́ wọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Bàbá sọ fún àbúrò ẹ̀ pé, “Kíkẹ́, ọkùnrin tó ń di fóòmù mọ́ àyà lo ní kí n pè ní àna?”

“Ẹ̀gbọ́n mi, eré ni.”

“Mo mọ̀ pé eré ni. Ẹ̀sìn kọ̀ ọ́ kí ọkùnrin fara wé obìnrin, kò sọ pé àfi tó bá jẹ́ eré. Èmi tí àwọn èèyàn ń kó ọmọ wọn wá bá fún kéú, kí ni n ó wí fún wọn?”

“Ọmọ náà ń ṣiṣẹ́. Kì í mutí. Ìrun kì í kọjá ẹ̀.”

“Nítorí ìyẹn ló ṣe dùn mí. Ní kó wá.”

Samsudeen wá, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Bàbá bi í bóyá lóòótọ́ ló fẹ́ mi. Ó ní lóòótọ́ ni.

“Bí mo bá ní kó o fi aṣọ yẹn sílẹ̀ ńkọ́?”

 Mo di ilẹ̀kùn mú nínú yàrá. Apá kan nínú mi ń gbàdúrà pé kó sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Mi ò mọ ohun tí apá kejì ń fẹ́.

“Mo fi í sílẹ̀, Àfáà.”

“Ẹnu dùn ún ròfọ́. A ó wò ọ́ fún ọdún méjì. Bí mo bá gbọ́ pé o wọ̀ ọ́, ì báà ṣe ẹ̀ẹ̀kan, má wá ọ̀nà ilé mi mọ́.”

Lọ́jọ́ kejì, ó ká ẹ̀wù Ìyá Gbogboǹṣe dáadáa, ó gbé e wá fún mi ní ṣọ́ọ̀bù. Òrí ló ń rùn.

Mo ní, “Ó dùn ọ́.”

Ó ní, “Ó dà bíi pé mo tún sin ìyá mi àgbà lẹ́ẹ̀kejì ni.” Ó sì lọ tún ẹ̀rọ ṣe.

Ọdún àkọ́kọ́ kọjá. Débọ́lá, ọmọkùnrin kan tó ń wa ọ̀kadà, ló gba ipò ẹ̀. Débọ́lá ń mi ọyàn fóòmù yẹn, àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín tó parí sórí ọyàn ni. Tẹ́lẹ̀, tí Ìyá Gbogboǹṣe bá jókòó lórí àpótí tó ń rántí ọkọ ẹ̀ tó kú, àwọn ìyá tó jókòó níwájú á fi ìborùn nu ojú, wọ́n á tún bú sẹ́rìn-ín kí omijé tó gbẹ. Ìyẹn ti lọ. Samsudeen kò kúrò nínú ẹgbẹ́ o. Ó ń tún iná ṣe, ó ń ká aṣọ ìkélé, òun ló sì máa ń mú ìwé eré dání lẹ́yìn láti rán àwọn tó bá gbàgbé ọ̀rọ̀ létí. Ó kàn jẹ́ pé ojú ẹ̀ ò sí níbẹ̀ mọ́. Tí mo bá bá a sọ̀rọ̀, á dáhùn bí ẹni tí wọ́n pè láti òkèèrè.

Ó wá di ọjọ́ kan, a jókòó lábẹ́ igi ẹmi, igi òrí, tó wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn. Mi ò lè mú un mọ́ra mọ́.

“Samsu, lọ wọ̀ ọ́. Bàbá kì í wá síbí. Ta ló máa sọ fún un?”

“Èmi á mọ̀.”

“Èmi ni mo ní kó o wọ̀ ọ́.”

“Ìwọ kọ́ ni mo ṣèlérí fún.”

Inú bí mi. “Ṣé èmi lo fẹ́ fẹ́ ni, àbí àfáà?”

Ó ní, “Mùyìbá, bí mo bá purọ́ fún bàbá ẹ nítorí ẹ, lọ́jọ́ wo lo máa bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara ẹ bóyá mò ń purọ́ fún ìwọ náà?”

Mo dìde, mo fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Oṣù méjì ni mi ò fi bá a sọ̀rọ̀. Ìyá Ìmọ́lẹ̀ ló ń lọ tó ń bọ̀ láàárín wa, tó ń gbé ẹ̀bẹ̀ ẹ̀ wá, tó ń gbé ìkùnsínú mi lọ. Ọkùnrin kan láti Ìsẹ́yìn, tí ń ta sìmẹ́ńtì, ti ń béèrè mi nígbà náà. Mo rò ó. Mi ò ní parọ́, mo rò ó dáadáa. Ọkùnrin tí gbogbo ayé lè fẹ́ láì sí wàhálà ni. Ṣùgbọ́n nígbàkigbà tí mo bá gbé téèpù láti wọn ẹnikẹ́ni, ṣọ́ọ̀bù yẹn, obìnrin arúgbó tó dijú níbẹ̀, ló máa ń wá sí mi lọ́kàn.

Ìgbà tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ọdún méjì pé ni eré ọdún 2017 bọ́ sí. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Débọ́lá gbé èrò láti Ìjíó. Ọ̀kadà yọ̀ lórí yangí, apá ẹ̀ ṣẹ́. Nígbà tí ìròyìn dé, gbọ̀ngàn ti kún. Àwọn kan dúró lójú fèrèsé. Màmá Àrínọlá, tó ti ń fi ọ̀pá rìn nígbà náà, tí dókítà sì ti kìlọ̀ fún pé kó jókòó sílé, wá bá Samsudeen lẹ́yìn aṣọ ìkélé.

“Ọmọ mi, ẹ̀ẹ̀kan péré. Mi ò mọ̀ bóyá màá rí ti ọdún tó ń bọ̀.”

“Màmá, ẹ forí jì mí.”

“Màá bá ọ bá Àfáà sọ̀rọ̀ fúnra mi.”

“Ẹ bá a sọ̀rọ̀ kí n tó wọ̀ ọ́ nígbà náà, Màmá, kì í ṣe lẹ́yìn ẹ̀.”

Màmá sọ ọ̀pá sílẹ̀, ó fẹ́ kúnlẹ̀. Samsudeen kúnlẹ̀ ṣáájú ẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú, omi ń dà lójú ẹ̀ bí ọmọdé, ó sì ń mi orí. Àwọn èrò ti ń pàtẹ́wọ́ níta. Mo wo ọkùnrin yìí. Ohun tó wù ú jù láyé wà lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, gbogbo ìlú ń pè é sí i, kò sì lọ. Ìbínú tí mo ti ń gbé kiri láti ọjọ́ abẹ́ igi yẹn tú kúrò lára mi.

Mo ní, “Màmá, ẹ gbé aṣọ náà fún mi.”

Wọ́n yíjú sí mi.

“Obìnrin tó wọ aṣọ obìnrin, ẹ̀sìn wo ló kọ̀ ọ́?”

Màmá kọ́kọ́ wò mí bí ẹni pé orí mi ti yí, lẹ́yìn náà ló bú sẹ́rìn-ín. Ó fi osùn kun ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, ó da àtíkè lé e, ó wé gèlè tó tó agbòòrùn lé mi lórí. Mo mọ ọ̀rọ̀ náà, èmi náà ti gbọ́ ọ lẹ́yìn aṣọ ìkélé fún ọdún mẹ́ta. Samsudeen mú ìwé eré, ó jókòó sílẹ̀ sétí aṣọ ìkélé.

Ó ní, “Má wo èrò. Ohùn mi ni kó o máa gbọ́.”

Mo jáde. Gbọ̀ngàn hó. Mi ò rántí gbólóhùn àkọ́kọ́.

Láti ẹ̀yìn, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ó ní, “Èjìká ọ̀tún wálẹ̀. Ọwọ́ sí ìdí. Gbé àgbọ̀n.” Mo ṣe é. Àwọn ìyá iwájú pariwo lẹ́ẹ̀kan náà pé, “Ó ti padà! Òun gan-an nìyẹn!” Samsudeen ni wọ́n rò pé ó jẹ́. Ẹ̀wù kan náà, ìrìn kan náà, osùn sì ti bo ojú mi.

Àṣìṣe yẹn ló gbé bàbá mi wá. Ẹnì kan tẹ̀ ẹ́ láago pé, “Àfáà, ọmọkùnrin yẹn ti gun orí ìtàgé padà o.” Bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti oko dé. Kò bọ́ aṣọ oko, ó gun alùpùpù ẹ̀, ó gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn wọ gbọ̀ngàn. Samsudeen ló sọ èyí fún mi lẹ́yìn náà.

Ó ní òun jókòó, òun ń sọ ọ̀rọ̀ fún mi díẹ̀díẹ̀, òun gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn òun, òun ò bojú wẹ̀yìn. Ohùn kan béèrè pé, “Ta ló wà níta yẹn?”

Ó ní, “Mùyìbátù ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra.” Ó wá yíjú, ó rí bàbá mi pẹ̀lú ẹrẹ̀ oko lẹ́sẹ̀. Ó fẹ́ dìde kó dọ̀bálẹ̀. Bàbá fi ọwọ́ tẹ èjìká ẹ̀ mọ́lẹ̀.

“Má dìde. Á gbàgbé ọ̀rọ̀ ẹ̀.”

Èmi ò mọ ìkankan nínú èyí. Mo ti dé ibi tí Ìyá Gbogboǹṣe ti ń sọkún ọkọ ẹ̀. Bí mo ṣe jókòó lórí àpótí, omijé gidi ló ń bọ́, osùn sì ń ṣàn dé àgbọ̀n mi. Ibẹ̀ ni olè iṣu ti máa ń yọ́ bọ̀ láti jí iṣu tó wà lẹ́yìn mi. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀: “Ó wà lẹ́yìn ẹ! Ó wà lẹ́yìn ẹ!” Mo ń ṣe bí ẹni tí ò gbọ́, gẹ́gẹ́ bí eré ṣe wí. Olè gbé iṣu àkọ́kọ́. Ó gbé ìkejì. Ohùn kan bú láti ẹ̀yìn aṣọ ìkélé, ohùn àgbẹ̀ tí wọ́n ti jí iṣu ẹ̀ rí:

“Àmọ̀kẹ́! Ó wà lẹ́yìn ẹ! Ó ti kó o tán!”

Ẹnì kan ṣoṣo ló ń fi oríkì pè mí láyé. Mo dìde, mo yíjú, mi ò rántí pé mò ń ṣeré mọ́. Olè náà ta gìrì, iṣu bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, gbọ̀ngàn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ya fún ẹ̀rín. Wọ́n rò pé bẹ́ẹ̀ ni eré ṣe wà.

Bàbá kò dúró kí ó parí. Nígbà tí mo délé, ó ti wẹ̀, ó ti kírun, ó jókòó sórí ẹní. Mo kúnlẹ̀, mo ń retí ọ̀rọ̀ líle.

Ó ní, “Olè yẹn, ṣé ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ nígbẹ̀yìn?”

“Ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, Bàbá.”

“Ó dáa.” Ó ka tẹ̀sùbáà ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. “Ta ló kọ́ ọ ní ìrìn yẹn?”

Mo sọ ọ́ fún un, ìyá àgbà tó ń yan gàrí ní Ìgànná, bí Samsudeen ṣe dijú ní ṣọ́ọ̀bù mi.  Lọ́jọ́ kejì ló pe Ìyá Ìmọ́lẹ̀, ó ní, “Wọ́n ní arúgbó fẹ́ kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́, kò yẹ àdéhùn bí mi ò tilẹ̀ sí níbẹ̀ láti rí i. Sọ fún àwọn èèyàn ẹ̀ kí wọ́n máa bọ̀ ní Jímọ́ọ̀.”

Oṣù Kejì ni wọ́n so yìgì wa. Màmá Àrínọlá wà níbẹ̀, lórí àga onírọ̀rí, kò sì yé sọ fún gbogbo ẹni tó bá kí i pé òun lòun fà á. Kò rí Pántó méjì sí i kó tó lọ. Kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣàdúà tán, bàbá mi fa ọkọ mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Ọdún méjì tí mo dá ti pé. Ohun tí mo gbà gbọ́ ò yí padà. Ṣùgbọ́n okùn tí mo fi dè ọ́, mo ti tú u. Ó kù sí àárín ìwọ àti Ọlọ́run ẹ.”

Samsudeen ní, “Àfáà, ó ti bọ́ sọ́wọ́ Mùyìbátù. Ó mọ̀ ọ́n rìn jù mí lọ báyìí.”

Bàbá mi rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó jẹ́ kí n rí eyín tó ti ká lẹ́yìn ẹnu ẹ̀, tí n kò mọ̀ pé ó ti ká. Nígbà tí ó tó àkókò láti lọ, àwọn ọ̀rẹ́ ọkọ mi ń kó ẹrù mi sínú ọkọ̀. Bàbá ní kí wọ́n fi ẹ̀rọ ìránṣọ mi sílẹ̀. Òun fúnra ẹ̀ ló gbé e sẹ́yìn ọkọ̀, ó fi okùn dì í, ó fà á wò, ó ní kò le tó. Ó tú u, ó tún un dì. Ó fà á wò. Ó tún tú u.

Awakọ̀ bojú wẹ̀yìn, ó wo Samsudeen. Samsudeen ní kó pa iná ọkọ̀ ná.